Ẹ̀jẹ̀ Tó Gba Ẹní Ìkírun Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àbójútó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí n tó mú gègé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ilé wa tutù débi pé orúnkún mi ń ké. Mo kí Bọ̀dá, àgbà ilé wa. Mo kí ìyàwó wa, ìyàwó Bọ̀dá, tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí, torí mo mọ̀ pé awò ojú yín kì í sí nítòsí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀. Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn. Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ bá wa jókòó síta díẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Tó bá yá, wọ́n á pè yín síbi tó kàn yín.

Màámi, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo fẹ́ sọ fún yín pé lẹ́tà yìí máa jáde níbi tí àwọn èèyàn á ti kà á. Ẹ má tíì fò sókè. Mi ò kọ orúkọ yín síbẹ̀, mi ò kọ orúkọ ìlú wa. Oríkì nìkan ni mo lò fún èmi àti ọmọ mi, àwọn Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ sì kún ilẹ̀ Yorùbá bámúbámú. Ohun tó jẹ́ kí n ṣe é ni pé nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní mọ́sálásí wa ní Downsview, ní Kánádà níbí, gbogbo wọn sún mọ́ mi. Ọ̀kan ní ìyá òun náà sọ irú ẹ̀ rí. Òmíràn dìde, ó mú fóònù, ó jáde sínú òtútù láì wọ kóòtù, ó lọ pe ilé. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìyá tèmi nìkan kọ́.

Ìdí tí mo sì fi kọ lẹ́tà ni pé ẹ ti pa fóònù mọ́ mi létí. Lẹ́tà kò ṣeé pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bínú.

Ẹ máa ń béèrè iṣẹ́. Iṣẹ́ ń lọ. Bọ́ọ̀sì yẹ́lò tí mo fi ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé náà ni mo ṣì ń wà, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Yìnyín ọdún yìí kọ̀, kò lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú yín níbẹ̀, àmọ́ níbí, mo ṣì ń fi nǹkan ha gíláàsì mọ́tò kí n tó ríran, táyà òtútù sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́ jìnnà, ní Port Credit. Bó ṣe ń wọlé ni èmi ń jáde, a máa ń kíra lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn tó jọ háyà ilé. Nínú ilé gogoro tí a ń gbé ní North York yìí, mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan láì sọ Yorùbá fún àgbàlagbà kankan. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni mò ń sọ ọ́ fún, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń dá mi lóhùn. Nítorí náà ni ohùn yín lórí fóònù ṣe dà bí oúnjẹ fún mi. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ebi tí ẹ fi pa mí nígbà tí ẹ pa fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbí, wọn kì í dúró de àìsàn. Obìnrin tí nǹkan kan ò ṣe, tó ń jẹ, tó ń mu, wọ́n á ní kó wá, kí àwọn wo ẹnu ilé ọmọ rẹ̀, bóyá nǹkan burúkú kan ń bọ̀ tí kò tíì dé. Wọ́n ti pè mí, mo sì ti ń fà á nílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ta ló máa wò mí? Èkejì, ọkàn mi ń sọ pé kí n má lọ fọwọ́ ara mi jí ohun tó ń sùn. Ẹ̀ ń rí i pé ọmọ yín ni mo jẹ́ lóòótọ́.

Níkẹyìn mo lọ. Mo béèrè fún obìnrin, wọ́n sì fún mi ní obìnrin: nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Sòmálíà, ó borí bíi tèmi. Mo bọ́ aṣọ ìsàlẹ̀, wọ́n fi aṣọ bébà kan bò mí lẹ́sẹ̀, ó ń pariwo nígbàkúùgbà tí mo bá mí. Ó ní kí n tú ara sílẹ̀. Ta ló ń tú ara sílẹ̀ níbẹ̀? Mo di ọwọ́ mú etí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àyátùl Kúrísiyù inú Kùránì. Ó fi ike pẹlẹbẹ kan la ojú ara, ó fi nǹkan bí òwú kékeré nu ẹnu ilé ọmọ. Ó ni mí lára díẹ̀, àmọ́ kò dùn mí. Mi ò tíì kà á dé ìparí tó fi ní ó ti tán, kí n dìde. Gbogbo ohun tí mo ń sá fún nìyẹn.

Bí mo ṣe ń wọṣọ, ó bi mí bóyá ìyá mi wà láyé. Mo ní wọ́n wà, ara wọn le, àlùhámúdúlílà. Ó ní gbogbo obìnrin tó bá ní ìyá ní òkè òkun lòun máa ń rán níṣẹ́: kí n sọ fún ìyá mi pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti lọ pátápátá, tó bá tún rí ẹ̀jẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀kán kan, kó má jókòó sílé. Ó lè má jẹ́ nǹkan gidi kan. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, tí wọ́n bá sì tètè bá a níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń rí i yọ kúrò. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé kí o wakọ̀ jẹ́jẹ́. Kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti dúró sára bọ́tìnnì.

Màámi, ẹ rántí bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe máa ń kéwú lọ́dọ̀ yín lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Òwúrọ̀ wa ni ọ̀sán yín. Tí alásárì bá tó lọ́dọ̀ yín, ẹ ó ṣe àlùwàlá, ẹ ó gbé fóònù ti bùtà, ẹ ó ní kó máa wo bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń kírun. Ẹsẹ̀ yín ló sábà máa ń rí, àti etí ẹní. Ó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Gírándímà ń rẹ́rìn-ín sí òun. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa fóònù kí alásárì tó wọlé. Ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lọ́jọ́ kan ẹ gbàgbé láti pa á, a gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun ní mọ́sálásí ẹ̀yìnkùlé, a sì ń wò yín lórí àga, ẹ ń fi etí ìborùn fẹ́ ara yín, ẹ ò dìde. Àbẹ̀kẹ́ bi mí pé ṣé Gírándímà ò ní kírun ni. Mo ní kó panu mọ́.

Nígbà tó di ààwẹ̀, ẹ ní ẹ ti jẹ gbèsè ààwẹ̀ bí ọmọge tí nǹkan oṣù kò jẹ́ kó gbààwẹ̀ tàbí kó kírun. Ẹ fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ ní Ọlọ́run ti dá ewé padà sára igi gbígbẹ, pé kí ẹnì kan lọ sọ fún bàbá wa ní sàréè pé ìyàwó rẹ̀ ti tún di ẹni tó ń rí nǹkan oṣù, kó múra kó máa bọ̀. Èmi àti ìyàwó wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹ mọ̀ ọ́n sọ. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bíi tiyín.

Ẹ̀rín yẹn ló padà wá bá mi nínú yàrá nọ́ọ̀sì, mi ò sì tíì wọṣọ tán. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Nǹkan oṣù wọn ti lọ kí n tó relé ọkọ. Ewé wo ló ń dá padà? Mo jókòó padà. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá òòyì ń kọ́ mi, ó fún mi lómi. Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n pe ilé lónìí, kí n má jẹ́ kó di ọ̀la.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo lọ kó àwọn ọmọ. Ariwo wọn kún bọ́ọ̀sì, èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Àfi ìgbà tí gbogbo wọn pariwo pé mo ti kọjá ilé ọmọkùnrin kan tí mo ti ń já sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìyá ọmọ náà dúró létí títì nínú yìnyín, ó ń ju ọwọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo gbé bọ́ọ̀sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo já ẹni ìkẹyìn tán, mo sunkún níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Èmi tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò, tí mi ò tíì gba èsì, mo ti gbàgbé pé iná kankan lè wà lára mi. Tiyín ni mo fẹ́ gbọ̀n, ọwọ́ mi ò sì dé ọ̀dọ̀ yín.

Èsì tèmi ti dé báyìí. Kò sí nǹkan kan, wọ́n ní ó di ọdún mélòó kan sí i kí wọ́n tó tún pè mí. Ó yẹ kí n jó. Mo kàn pa fóònù mo sì gbé ìrẹsì kaná.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo pè yín, àmọ́ mo fẹ́ kí ìyàwó wa kà á síta kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ ní kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ẹ ní ó wà, àmọ́ kékeré ni. Lẹ́yìn náà ẹ ní ó máa ń wá, ó máa ń lọ, tó bá lọ ẹ ó wẹ̀, ẹ ó padà sórí ẹní, tó bá tún dé ẹ ó tún kúrò. Mo ní láti ìgbà wo. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ń kórè ìlá. Ìlá, Màámi! A ti jẹ ìlá yẹn, a ti sá èyí tó ṣẹ́kù gbẹ, òjò mìíràn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹ lọ sọ́sípítù. Ẹ ní ṣé kí ẹ lọ ṣí ara fún ọkùnrin tí kò tó àbíkẹ́yìn yín lọ́jọ́ orí ni. Ẹ ní bàbá wa pàápàá, iná kì í wà ní títàn tí wọ́n bá wá bá yín. Ẹ ní Kánádà ti sọ mí di ẹni tó ń wá àìsàn kiri. Ẹ wá ní tí ẹ bá lọ, tí wọ́n bá sọ orúkọ rẹ̀ fún yín ńkọ́? Ohùn yín yí padà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ẹ sì pa fóònù.

Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rù ń bà yín ṣáájú mi.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a jọ bẹ̀rù. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ̀rù ń bà mí tí mo bá ń fọ abọ́, ó ń bà mí tí iná títì bá dá mi dúró. Tí fóònù bá dún tí mo sì rí nọ́ńbà Bọ̀dá, màá kọ́kọ́ pe Bísímílà kí n tó gbé e. Mo ń wo fọ́tò ọdún iléyá yín, mo ń fẹ̀ ẹ́ kí n lè rí ọrùn yín dáadáa, bóyá ẹ ti rù, àbí aṣọ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á pè mí lọ́jọ́ kan pé ó rẹ̀ yín díẹ̀, kí n máa bọ̀, ẹ sì mọ ohun tí "ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀" máa ń jẹ́ lẹ́nu àwa Yorùbá. Nọ́ọ̀sì yẹn ní ọ̀pọ̀ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ara tó gbẹ ni nígbà míì, tàbí ìwúlé kékeré kan tí kò léwu. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín kò sì lè sọ ọ́ fún wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lówe yẹn.

Ní ti ìrun, mo bi ìyá tó ń kọ́ àwa obìnrin ní kéwú ní mọ́sálásí. Mi ò sọ pé ìyá mi ni. Ó wò mí, ó sì mọ̀. Ó ní nǹkan oṣù ní ìgbà tó ń kúrò lára obìnrin, tó bá sì ti kúrò tipẹ́tipẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lọ fi han dókítà, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ àìsàn kì í gba ìrun lọ́wọ́ èèyàn. Á fọ ibẹ̀, á fi aṣọ dí i, á ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, á sì kírun. Ó ní kí ẹ tún bi àlùfáà yín lọ́hùn-ún, kí ẹ má gba tòun nìkan. Ó ní tí ìtọ́jú bá sì di dandan tí kò sí obìnrin nítòsí, Ọlọ́run kò ní kí èèyàn kú nítorí ìtìjú.

Ìyẹn ló dùn mí jù, Màámi. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run lẹ fi kúrò lórí ẹní. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jí wa ní àsùbáà, tí ẹ máa ń dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúà títí dé orí ọmọ tí a kò tíì bí. Ohun tí ẹ fẹ́ràn jù lẹ gbé kalẹ̀, ẹ wá fi àyè sílẹ̀ fún àlejò tí a ò mọ ibi tó ti wá. Ẹ sì ń pè é ní ọmọge.

Ìyàwó wa ti ṣe ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe. Ẹ má bá a jà, èmi ni kí ẹ bá jà. Ó ti rí dókítà obìnrin kan ní Ìbàdàn, àgbàlagbà ni, ìyá ni òun náà. Ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ ló dá fún yín. Á bi yín ní ìbéèrè, á wo ilé ọmọ nínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe máa ń wo aláboyún, ó sì ṣeé ṣe kó mú ẹran ara bíńtín kan láti ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ó lè fún yín ní inú rírun díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi lórí ẹní láì ké. Owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò ti wà lọ́wọ́ Bọ̀dá. Ìyàwó wa, ẹ lè ṣílẹ̀kùn fún un báyìí. Bọ̀dá, iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ wa mọ́tò, kí ẹ má béèrè nǹkan kan. Tí Màámi bá ní orí ń fọ́ wọn láàárọ̀ Túsìdeè, ẹ má gbà. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ló máa wa bọ́ọ̀sì mi. Ìyàwó wa á gbé fóònù sí etí yín nínú yàrá dókítà, ẹ ó gbọ́ ohùn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A jọ máa ka Àyátùl Kúrísiyù náà ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ Bọ̀dá, kí wọ́n má ta bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri yàrá yín. Àbẹ̀kẹ́ kí yín, ó ní kí n béèrè bí àtàǹpàkò ṣe ń ṣe. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó pẹ́, ẹ ó gbó, ẹ ó jẹun ọmọ títí ẹ fi máa ní ó tó. Ohun tí a bá rí, Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ ohun tó ní oògùn. Àmín.

Bọ̀dá, ẹ tún bá wa jáde díẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin kan ló kù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, mo rò pé mo fẹ́ kú. Ilé ìwé ni mo wà. Mo fi báàgì bo ẹ̀yìn mi, mi ò dúró de ẹnikẹ́ni, mo sáré láti ibẹ̀ dé ìsọ̀ yín. Ẹ ò bi mí pé kí ló dé tí mo kúrò ní kíláàsì. Ẹ wo ojú mi, ẹ wo ẹ̀yìn mi, ẹ fi oníbàárà sílẹ̀, ẹ bọ́ ìborùn yín ẹ so ó mọ́ mi nídìí. Ẹ fọ aṣọ náà fúnra yín, ẹ ní kí n má tijú, pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí ọmọ fi pa mọ́ fún ìyá rẹ̀.

Màámi, lọ́jọ́ tí ẹ rí tiyín, ta lẹ sáré lọ bá?

Èmi rèé. Ẹ sáré wá bá mi.

Ọmọ yín,
Àṣàkẹ́